Láti Awọ Bàtà dé Páàdì: Ìtàn Ìjánu Ọkọ̀

 Ìtàn ogun, ìtàn oyè àti ìtàn ìlú ni ẹ sábà máa ń kà lọ́dọ̀ wa. Ti òní yàtọ̀ díẹ̀, nítorí pé abẹ́ ọkọ̀ ni mo ti bá a pàdé.

Nígbà ìsinmi tó kọjá, ọkọ̀ Toyota àtijọ́ tí bàbá mi ń wà bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro nígbàkígbà tí wọ́n bá tẹ bíréèkì. Ìró náà dà bí ìgbà tí èèyàn ń fi ọ̀bẹ ha ìdí ìkòkò. Bàbá gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan lójú ọ̀nà. Onítọ̀hún yọ táyà, ó fi sáńpépà ha ojú páàdì, ó gba owó. Lọ́jọ́ kẹta, ìró náà padà dé, sítíárìn sì tún wá ń gbọ̀n lọ́wọ́. Ìgbà yẹn ni Bàbá wá ránṣẹ́ pe àgbà mẹkáníìkì kan tí wọ́n ti mọra láti ìgbà èwe wọn. Àwa ọmọ ilé, Bàbá Mẹkáníìkì là ń pè wọ́n.

Wọ́n yọjú wo ẹsẹ̀ iwájú, wọ́n mi orí. Páàdì ti jẹ tán. Irin ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń ha dísìkì, dísìkì náà sì ti di ìlà-ìlà bí ojú àwo orin àtijọ́. Wọ́n ní, "Ẹ lọ ra páàdì àti dísìkì wá, ti ọ̀tún àti ti òsì. Ẹ má wulẹ̀ gbé ọkọ̀ lọ síbi kankan. Ọmọ yín á ràn mí lọ́wọ́."

Bí mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ ọjọ́ kan nìyẹn, lábẹ́ igi máńgòrò ní àgbàlá wa.

Ìjánu ni, kí ó tó di bíréèkì

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ bí ọmọ ẹ̀ka Yorùbá. Bíréèkì ni gbogbo wa ń pè é ní ìgboro, ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé, ìjánu là ń lò. Irin tí wọ́n ń fi sẹ́nu ẹṣin ni ìjánu, òun ni ẹni tó gun ẹṣin fi ń dá a dúró. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì sí wa rárá. Ọ̀yọ́ Ilé lo ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin láti fi gbòòrò, bẹ́ẹ̀ apá òkè ni wọ́n ti ń ra ọ̀pọ̀ ẹṣin náà, nítorí pé eṣinṣin tsetse kì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ láyé ní agbègbè igbó. Láti ara ẹṣin ni a ti mú ọ̀rọ̀ náà wá sára èèyàn, tí a fi ń sọ fún ẹni tí ìbínú ń gbé lọ pé kí ó kó ara rẹ̀ ní ìjánu. Nígbà tí ọkọ̀ dé, a kò wá orúkọ lọ títí. A mú èyí tó wà nílẹ̀.

Nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀. Bí bíréèkì bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́, a kì í sọ pé ó bàjẹ́. Ohun tí a máa ń sọ ni pé "bíréèkì já." Okùn ní í já. Ìjánu ní í já. Lónìí, ọ́ìlì inú páìpù ló ń gbé agbára láti ẹsẹ̀ awakọ̀ lọ sí ìdí táyà, kò sì sí okùn kankan níbẹ̀ tí yóò já. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà bá àwọn ọkọ̀ àkọ́kọ́ mu dáadáa, nítorí pé okùn wáyà àti ọ̀pá irin ni wọ́n fi ń fa bíréèkì wọn, ìyẹn sì lè já ní tòótọ́.

Obìnrin kan àti aránbàtà kan

A fi òkúta dí ẹ̀yìn àwọn táyà ẹ̀yìn. A dẹ nọ́ọ̀tì táyà iwájú díẹ̀ kí a tó fi jáàkì gbé ọkọ̀, nítorí pé bí táyà bá ti kúrò nílẹ̀ tán, yíyí ni yóò máa bá sípánà yí. Lẹ́yìn náà, Bàbá Mẹkáníìkì ti irin ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sí abẹ́ ọkọ̀. Wọ́n ní, "Jáàkì kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹni tó wà lábẹ́ ọkọ̀." Wọ́n tú bóòtù kálípà, wọ́n sì fi wáyà so ó rọ̀ sókè kí ìwúwo rẹ̀ má baà fa páìpù rọ́bà tí ọ́ìlì ń gbà kọjá. Kálípà ni ọwọ́ irin tó ń fi páàdì méjì fún dísìkì mọ́ àárín, bí ìgbà tí èèyàn fi àtàǹpàkò àti ìka mìíràn di etí àwo mú. Mo béèrè pé ta ló kọ́kọ́ ronú irú nǹkan báyìí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ṣèbí ìwọ lo wà ní yunifásítì. Lọ wá a."

Mo wá a. Ibi tí mo bá ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ yà mí lẹ́nu.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1888, obìnrin kan tí ń jẹ́ Bertha Benz jí ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ní ìlú Mannheim ní ilẹ̀ Jámánì. Ó kó àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì, Eugen àti Richard, sínú ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ọkọ rẹ̀, Karl Benz, ṣe. Kò sọ fún ọkọ rẹ̀. Ó dorí kọ Pforzheim, ìlú àwọn òbí rẹ̀, ìrìn tó lé ní 100 kìlómítà. Kò sí ẹni tó tí ì fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rin ọ̀nà tó jìn tó bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí epo tán, ilé oògùn kan ní Wiesloch ló ti ra èyí tó rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí ihò epo dí, abẹ́rẹ́ fìlà rẹ̀ ló fi tú u.

Àwọn òkè ló wá fún un ní ẹ̀kọ́ tó kan ọ̀rọ̀ wa. Pákó ni wọ́n fi ṣe ohun tí ń di táyà mú, bí ti kẹ̀kẹ́ ẹrù tí ẹṣin ń fà. Bí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè kan dé òmíràn, pákó náà ń jẹ. Ní abúlé Bauschlott, Bertha wá aránbàtà kan, ó ní kí ó kan awọ mọ́ ojú pákó náà. Ọkọ̀ náà sì dúró nígbà tí wọ́n bá ní kí ó dúró. Ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé láìní náà ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ lára ọkọ̀. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe inú ilé iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ti ṣe é. Ẹ̀bá ọ̀nà ni, pẹ̀lú ìṣó àti awọ bàtà.

Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn rẹ̀, bàtà tún wọ inú ìtàn náà. Ní àgbègbè Derbyshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí òkè pọ̀ sí bí ti Èkìtì, Herbert Frood ṣàkíyèsí pé àwọn tí ń wa kẹ̀kẹ́ ẹrù máa ń fi bàtà àlòkù dí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ wọn nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dán ohun tó lè dára ju bàtà lọ wò nínú ahéré kan nínú ọgbà ilé rẹ̀. Ní ọdún 1897, ó dá iṣẹ́ sílẹ̀. Orúkọ tó wá fún ọjà rẹ̀ ni Ferodo. Bí ẹ bá tú lẹ́tà orúkọ ìdílé rẹ̀ palẹ̀, tí ẹ sì fi E orúkọ ìyàwó rẹ̀, Elizabeth, kún un, ẹ ó rí Ferodo níbẹ̀. Àwọn onímọ́tò wa mọ orúkọ náà dáadáa.

Ooru ni ọ̀tá

Ní ọdún 1902, nǹkan méjì ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún kan náà. Ní ilẹ̀ Faransé, Louis Renault gbé bíréèkì dúrọ́ọ̀mù jáde: apá irin méjì tí láìní bò, tí wọ́n ń ṣí síta láti fún inú agbada irin tó ń yí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Frederick Lanchester gba ìwé àṣẹ lórí bíréèkì dísìkì, ohun kan náà gan-an tó wà níwájú mi lábẹ́ igi máńgòrò. Ṣùgbọ́n irin lórí irin ni ti Lanchester. Ariwo rẹ̀ kò ṣe é gbọ́ sétí, eruku ojú ọ̀nà ìgbà náà sì ń jẹ ẹ́ kíákíá. Dúrọ́ọ̀mù pa ara rẹ̀ mọ́ kúrò lọ́wọ́ ẹrẹ̀ àti òjò, nítorí náà òun ni ayé mú. Dísìkì lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún.

Kí ló wá dá a padà? Ooru ni. Bíréèkì kì í pa eré ọkọ̀ rẹ́. Ṣe ló ń sọ eré di ooru. Ẹ mú ọkọ̀ tó wúwo tó 1,400 kílò, tó ń sáré 100 kìlómítà ní wákàtí kan. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì títí ó fi dúró, ooru tó jáde tó láti mú lítà omi tútù kan àti ààbọ̀ hó, láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ooru a di ìlọ́po mẹ́rin. Inú dúrọ́ọ̀mù tó pa dé ni ooru yẹn ń há sí. Tí ó bá gbóná jù, láìní kò ní lè di irin mú mọ́, awakọ̀ a tẹ bíréèkì títí, ọkọ̀ a sì máa lọ. Dísìkì ní tirẹ̀ wà ní gbangba, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ ẹ lára.

Orí pápá eré ìje ni wọ́n ti rí ìyàtọ̀ náà kedere. Ní ọdún 1953, Tony Rolt àti Duncan Hamilton fi ọkọ̀ Jaguar tó ní bíréèkì dísìkì gba ipò kìíní nínú ìdíje wákàtí 24 ní Le Mans ní ilẹ̀ Faransé. Wọ́n lè sáré pẹ́ kí wọ́n tó tẹ bíréèkì, nítorí wọ́n mọ̀ pé ọkọ̀ á dúró. Ní ọdún 1955, Citroën gbé DS jáde pẹ̀lú dísìkì ní ẹsẹ̀ iwájú, àwọn ọkọ̀ tí ará ìlú ń rà sì ń tẹ̀lé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìdí tí ó fi jẹ́ iwájú ni wọ́n kọ́kọ́ fi í sí kò ṣòro láti rí. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì lójijì, imú ọkọ̀ máa ń tẹrí ba. Ìwúwo ti ṣí lọ síwájú nìyẹn, bíréèkì iwájú ló sì ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Ìdí kan náà ló fa á tó fi jẹ́ pé páàdì iwájú ló sábà máa ń kọ́kọ́ jẹ.

504 àti eruku inú rẹ̀

Nígbà tí Bàbá Mẹkáníìkì ń kọ́ṣẹ́, Peugeot 504 ni ọba ọ̀nà. Ilé iṣẹ́ tó ń tò ó pọ̀ ní Kaduna bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1975, kò sì pẹ́ tí 504 onírù gígùn fi gba gbogbo gáréèjì láti Èkó dé òkè ọya. Ó ní dísìkì níwájú, dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìn. Ìtàn ọdún 1902 wà lábẹ́ ọkọ̀ kan ṣoṣo nìyẹn, ti Lanchester níwájú, ti Renault lẹ́yìn.

Bí Bàbá ṣe yọ páàdì àtijọ́ kúrò, eruku dúdú kún ibẹ̀. Wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n kó atẹ́gùn sẹ́nu, wọ́n fẹ́ ẹ fùú. Eruku náà bo ojú wa méjèèjì. Wọ́n tún fẹ́ ìkejì.

Ohun kan tí mo ti rí nínú ìwádìí mi kò jẹ́ kí n lè dákẹ́. Ní ọdún 1908, Frood bẹ̀rẹ̀ sí í fi asbestos sínú láìní rẹ̀. Òkúta oníhun ni asbestos, irú èyí tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ mọ́ àjà ilé àtijọ́. Iná kì í jó o, ooru kì í tètè bà á jẹ́, nítorí náà ó bá iṣẹ́ bíréèkì mu wẹ́kú. Fún èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rúndún ogún, òun ló wà nínú láìní àti páàdì káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n bí páàdì bá ti ń jẹ, eruku ló ń dà, bí èèyàn bá sì fa fọ́nrán rẹ̀ símú, inú ẹ̀dọ̀fóró ni yóò lọ jókòó sí. Ní ọdún 1924, obìnrin kan tí ń jẹ́ Nellie Kershaw kú ní Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ẹni ọdún 33. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ran fọ́nrán asbestos di òwú. Dókítà William Cooke kọ nípa ikú rẹ̀ nínú ìwé àwọn oníṣègùn lọ́dún yẹn. Àmọ́ ọdún 1999 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fòfin de gbogbo irú asbestos pátápátá, ọdún márùndínlọ́gọ́rin lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 2024 ni òfin tó dé bá irú tí wọ́n ṣì ń kó wọlé sínú láìní.

Nítorí náà, mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí n fi omi nù ún."

Wọ́n wò mí. "Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́dọ̀ ọ̀gá mi la ti ń fẹ́ ẹ. Ṣé mo kú ni?"

N kò lè dáhùn. Mo mọ ìdáhùn tó wà nínú ìwé: jẹjẹrẹ tí asbestos ń fà lè fara pa mọ́ fún ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n báwo lọmọdé ṣe máa sọ ìyẹn lójú àgbà, kí ó má dà bí èpè? Mo lọ bu omi sínú abọ́, mo mú àkísà, mo rẹ ẹ́ dáadáa, mo bẹ̀rẹ̀ sí í nu eruku náà jẹ́ẹ́jẹ́. Wọ́n fi mí sílẹ̀. Nígbà tó ṣe, wọ́n sọ̀rọ̀ láìwo ojú mi: "Ọ̀gá mi wúkọ́ títí kí wọ́n tó kú. Sìgá la ní ó fà á." Lẹ́yìn náà, wọ́n gba àkísà lọ́wọ́ mi, wọ́n nu ẹsẹ̀ kejì fúnra wọn.

Èmi kì í ṣe dókítà, n kò sì ní sọ pé eruku ló pa ọ̀gá wọn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ páàdì òde òní kò ní asbestos nínú mọ́, ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè fi èyí tó ní i hàn yàtọ̀ sí èyí tí kò ní i. Eruku irin àti eruku páàdì, ohun yòówù tí ì báà wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fà símú. Àkísà tútù kò wọ́n.

Kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan

Èyí tó kù yá. Ìpẹtà ti di dísìkì àtijọ́ mú, òòlù díẹ̀ ló gbà kí ó tó ṣí. Àwọn tó ṣe é ti tẹ ìwọ̀n tí kò gbọ́dọ̀ tín-ín-rín jù sí i lára, tiwa sì ti kọjá ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí sáńpépà onítọ̀hún kò fi lè ṣe ohunkóhun. A fọ òróró tí wọ́n fi pa dísìkì tuntun kúrò, a fi gíríìsì sí ọ̀pá tí kálípà ń yọ̀ lórí rẹ̀, a rọra ti písítìnì padà sínú kí páàdì tuntun tó nípọn lè wọlé. Ọ̀tún àti òsì la ṣe pọ̀, kí ọkọ̀ má baà máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Níbi tí mo ti ṣe àṣìṣe nìyí. Ayọ̀ pé iṣẹ́ parí mú mi, mo kó sínú ọkọ̀, mo ṣíná, mo fi sí ẹ̀yìn. Àgbàlá wa dagẹ̀rẹ̀ sí ọ̀nà géètì. Nígbà tí mo tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ mi lọ kanlẹ̀ láìbá nǹkan kan pàdé. Ọkọ̀ ń lọ. Bàbá mi pariwo, Bàbá Mẹkáníìkì pariwo, mo sì fa bíréèkì ọwọ́ sókè pẹ̀lú gbogbo agbára mi. Ọkọ̀ dúró ní ìwọ̀n apá kan sí géètì.

Nǹkan kan kò já. A ti písítìnì padà, àyè sì wà láàárín rẹ̀ àti páàdì tuntun. Èèyàn gbọ́dọ̀ tẹ bíréèkì ní àtẹ̀túntẹ̀ títí tí yóò fi le, kí ó tó ṣíná rárá. Bàbá Mẹkáníìkì ti fẹ́ sọ fún mi, n kò dúró gbọ́. Àgbà tó bá jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ti èmi, ọmọdé ló jìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́gbọ́n.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo to àwọn páàdì àtijọ́ sórí tábìlì mi, wọn kò nípọn ju ẹ̀pa pẹlẹbẹ lọ. Mo rí i pé nínú gbogbo ìtàn yìí, ìbéèrè kan náà làwọn èèyàn ń dáhùn: kí ni a máa fún bíréèkì jẹ kí ọkọ̀ lè dúró? Bertha Benz fún un ní awọ. Frood fún un ní asbestos. Ọkọ̀ dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó pẹ́ gan-an kí ẹnikẹ́ni tó béèrè pé ibo ni èyí tó jẹ ń lọ. Ẹ̀dọ̀fóró àwọn tí ń ṣiṣẹ́ náà ni. Nínú ìwé ìtàn, orúkọ àwọn tó mú ọkọ̀ sáré ló pọ̀. Ti àwọn tí eruku rẹ̀ bà lé, a ní láti wá a kí a tó rí i.

Bàbá Mẹkáníìkì ṣì ń bọ̀ nílé wa. Níjọ́ kan, wọ́n ní àwọn ti ra garawa kékeré kan sí ṣọ́ọ̀bù fún àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn, wọ́n sì sọ fún wọn pé ẹni tó bá fẹ́ eruku bíréèkì lẹ́nu, òun ni yóò gbálẹ̀ ọjọ́ náà.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni àwọn mẹkáníìkì àdúgbò yín ń pe dísìkì, kálípà àti láìní? Ó wù mí kí a kó àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn jọ kí àwọn àgbà tó ń sọ wọ́n tó lọ. Bí ẹ bá sì lọ sí ṣọ́ọ̀bù wọn láti béèrè, ẹ bá wọn mú àkísà dání.